Ẹ Káàbọ̀

Lẹ́yìn afárá Láfẹ̀nwá ni lọ́rì náà kú.
Dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó tutọ́, ó ní, "Ẹ ti délé yín."
Ọjọ́ kẹfà nìyẹn tí a ti kúrò ní Kùmásì:
ẹrù mẹ́ta, máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́,
àti Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ oṣù méje,
tó ti ń ké bọ̀ láti ẹnubodè.

Mo wo ilé wa.
Odò kan ló wà níbẹ̀, àti ọyẹ́,
àti òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó ń gun ara wọn lórí lọ sókè
bí àgùntàn tí òjò ká mọ́ pápá.
Àwọn òkúta jókòó láàárín ilé
bí àgbà tí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni.
Mo bi bàbá mi pé ta ló kó wọn síbẹ̀.
Ó ní, "Àwọn ló kọ́kọ́ dé."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń ro ìlú yìí fún wa,
lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.
Nínú ìròyìn rẹ̀, títì fẹ̀, omi tutù,
kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.
Ọkùnrin àkọ́kọ́ tí a bi léèrè ọ̀nà Ìjẹmọ̀
wò ó láti bàtà dé fìlà.
"Ṣówándé wo? Ṣówándé pọ̀."
Bàbá mi rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín ẹni tó ń wá owó nínú àpò tó ti lu.

Ẹ̀pà wà lórí igbá lẹ́bàá ọ̀nà.
Mo na ẹyọ pẹ́séwà kan, ó ń dán.
Ọmọbìnrin tó ń tà á yí i síwá sẹ́yìn,
ó fi eyín gé e wò, ó fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
"Owó ibo rèé?"
Ó dá a padà fún mi, ó bu ẹ̀pà díẹ̀ lé e lórí.
"Gbà, ará Gáná."

Ará Gáná!
Ní Kùmásì, Àlátà ni wọ́n ń pè wá.
Nígbà tí sọ́jà ẹnubodè bi wá pé ará ibo ni wá,
ìyá mi wo bàbá mi,
bàbá mi wo ìwé.

Ìyá bàbá mi jáde sí wa, ìyẹ̀fun láfún kùn ún dé ìgúnpá.
Kò sunkún. Kò kà wá, a kì í ka ọmọ;
ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ tó ń kà.
"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ kú àbọ̀ o."
Gbogbo agbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀:
àbọ̀, àbọ̀, àbọ̀.

Mo dúró, ẹ̀pà ń láàgùn ní àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ẹni tó lọ ló ń bọ̀.
Èmi, ìgbà wo ni mo lọ?
Ta ló sìn mí sọ́nà,
ta ló ní kí n má pẹ́?

Àpáta kan wà láàárín àgbàlá, ó tẹ́ bí ẹní,
wọ́n sá ẹ̀gẹ́ sórí rẹ̀.
Mo nawọ́ sí i, mo ní, "Bankye."
Àwọn ọmọ ilé bú sẹ́rìn-ín.
Wọ́n ní kí n tún un wí. Mo tún un wí.
Wọ́n ní kí n tún un wí,
títí ọ̀rọ̀ náà fi ṣá lẹ́nu mi
bí aṣọ tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀méje lóòjọ́.

Nígbà tó dalẹ́, yàrá kò gbà wá.
Àwa ọmọdé sùn sórí àpáta.
Ọyẹ́ ń ta wá lójú,
ṣùgbọ́n òkúta ṣì gbóná lábẹ́ ẹ̀yìn mi,
oòrùn ọ̀sán kò tíì kúrò nínú rẹ̀.
Mo fọwọ́ wá ibi tó gbé sán, mo ju pẹ́séwà náà sí i.
Ó pẹ́ kó tó balẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ti dákẹ́.
Bàbá mi nìkan ni kò sùn.
Ó ń rìn kiri inú òkùnkùn, ó ń fọwọ́ kan ògiri,
ó ń pe orúkọ ẹni tó ni yàrá kọ̀ọ̀kan
wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ara rẹ̀,
ó ń ṣì í, ó ń tún un pè.